Òfin kan kọ́ ni kí ẹ kà: àṣìṣe nípa ọlọ́pàá àti ilé òrìṣà ní Bràsíl

Ẹni tó bá ń sọ pé Bràsíl ti ya ìjọba kúrò lára ẹ̀sìn láti 1890, pé ọlọ́pàá ibẹ̀ kò lè yọ olórìṣà lẹ́nu mọ́, onítọ̀hún ka òfin kan, ó fo èkejì. Oṣù kìn-ín-ní ọdún náà ni wọ́n yọ Ìjọ Kátólíìkì kúrò nípò ẹ̀sìn ìjọba. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹwàá, òfin ọ̀daràn tuntun ti jáde, abala 157 rẹ̀ sì ka bíbá òkú sọ̀rọ̀, idán àti ońdè sí ẹ̀ṣẹ̀.

Ẹ má wulẹ̀ wá orúkọ òrìṣà nínú abala yẹn, ẹ ò ní rí i. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Ọlọ́pàá tó dé ẹnu ọ̀nà ló ń pinnu ohun tó jẹ́ ẹ̀sìn àti ohun tó jẹ́ idán, bẹ́ẹ̀ agogo ṣọ́ọ̀ṣì ni etí òun mọ̀. Ní ìlú Rio de Janeiro, wọ́n kó ìlù, ìlẹ̀kẹ̀ àti ère lọ, wọ́n tò ó sí mùsíọ́ọ̀mù ọlọ́pàá, wọ́n ní ẹrù idán dúdú ni. Ó di oṣù kẹsàn-án 2020 kí ẹrù náà, tó lé ní 500, tó bọ́ sí Museu da República, mùsíọ́ọ̀mù tí kì í ṣe ti ọlọ́pàá, lẹ́yìn tí Mãe Meninazinha, ìyálórìṣà Ọ̀ṣun, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti jà fún un títí.

Àṣìṣe míì ni kéèyàn máa ka ìgbà tí wọ́n já ilẹ̀kùn wọlé nìkan. Ní ìpínlẹ̀ Bahia, ìwé àṣẹ ló dá àwọn ìyálórìṣà lágara. Kí wọ́n tó lu ìlù fún òrìṣà, àfi kí wọ́n gbàyè lọ́dọ̀ ẹ̀ka ọlọ́pàá tó ń mójú tó tẹ́tẹ́. Tẹ́tẹ́ o! Bíṣọ́ọ̀bù wo ló gbàwé lọ́wọ́ wọn kó tó ṣe Máàsì? Ọdún 1976 ni gómìnà Roberto Santos ṣẹ̀ṣẹ̀ fòpin sí i.

Ẹ má sì sọ ọ́ bí ẹni pé olórìṣà kàn káwọ́ gbera. Wọ́n ń fi àwọn èèyàn pàtàkì ìlú joyè ogã, ìyẹn oyè ọkùnrin nílé òrìṣà, kí ẹnu wọn lè tólẹ̀ lágọ̀ọ́ ọlọ́pàá.

Lónìí, wọ́n lè fọ́ ojúbọ, kí ọlọ́pàá kọ ọ́ sílẹ̀ bí ìjà aládùúgbò. Ẹ má bá wọn pè é bẹ́ẹ̀. Òfin 7716 ti 1989, òfin tó fìyà jẹ ẹni tó bá ń ṣe ẹlẹ́yàmẹ̀yà, tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn kún ní 1997, ló bá ẹjọ́ náà mu, Rio sì ti dá ẹ̀ka ọlọ́pàá sílẹ̀ fún irú rẹ̀ láti 2018.