Kílò 38 ló ti kúrò lára mi láì lo oògùn, ẹ wá gbọ́ bẹ́ ẹ ṣe máa ṣe é

Ọmọ ọdún 46 ni mí lọ́jọ́ tí mo gun síkéèlì ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì kan nítòsí ọjà Sábó ní Ìkòròdú níbí, ó gbé kílò 117 fún mi. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo bọ́ sálúbàtà, mo tún gùn ún, 117 náà ni. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń sọ fún ara mi pé aṣọ ló ń súnkì, pé ọmọ mẹ́rin tí mo bí ló fà á, pé gbogbo obìnrin ìdílé wa ló rí bẹ́ẹ̀, àmọ́ lọ́jọ́ yẹn mi ò rí nǹkan kan sọ mọ́. Ní báyìí mo ti lé díẹ̀ ní 49, kílò 79 ni mo wà, ó gbà mí lọ́dún méjì àtoṣù mẹ́rin, mi ò gba abẹ́rẹ́, mi ò lo oògùn tó ń múni fọn, mi ò sì mu tíì tí wọ́n ní ó ń múni fọn. Àwọn oníbàárà mi ń bi mí lójoojúmọ́ pé báwo lẹ ṣe ṣe é, mo máa ń sọ ọ́ ní ṣókí kí n tó padà sídìí ọjà, ẹ jẹ́ n kúkú kọ gbogbo ẹ̀ síbí, pàápàá fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti lé ní 40 tí wọ́n ti sọ fún yín pé ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Ohun àkọ́kọ́, ẹ lọ yẹ BP (ìfúnpá ẹ̀jẹ̀) àti súgà ara yín wò kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà àdúgbò yín lè ṣe é. "Láì lo oògùn" tí mò ń sọ yìí, oògùn fífọn ni o, kì í ṣe oògùn BP tàbí ti àtọ̀gbẹ tí dókítà kọ fún yín, ẹ má fọwọ́ ara yín dá ìyẹn dúró láéláé. BP tèmi jẹ́ 168/104 lọ́jọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀, mo ń lo oògùn ẹ̀ lọ, ìgbà tí bíi kílò 15 ti lọ ni dókítà fúnra ẹ̀ dín in kù. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní àtọ̀gbẹ, tẹ́ ẹ ń gba abẹ́rẹ́ insulin tàbí tẹ́ ẹ ń lo oògùn glibenclamide, ẹ jọ̀ọ́ ẹ jẹ́ kí dókítà mọ̀ kẹ́ ẹ tó dín oúnjẹ kù, torí tí oúnjẹ bá dín tí oògùn ò dín, súgà lè já wálẹ̀ lójijì kó gbé èèyàn ṣubú. Ẹ má sì rò pé ó dìgbà tẹ́ ẹ bá di tẹ́ẹ́rẹ́ kó tó ṣàǹfààní. Ẹni tó wọn 100 tó bá ti dé 95, BP àti súgà ẹ̀ sábà máa ń ti bẹ̀rẹ̀ sí í dáa.

Wọ́n á sọ fún yín pé ọjọ́ orí ni, pé tí èèyàn bá ti lé ní 40 ara ò lè jó oúnjẹ mọ́. Èmi náà gbà á gbọ́. Àmọ́ ní 2021, ìwádìí kan jáde nínú ìwé ìròyìn Science, wọ́n wo ara èèyàn tó lé ní 6,400 láti orílẹ̀-èdè 29, wọ́n rí i pé láti ọmọ ọdún 20 títí dé 60, bí ara ṣe ń jó oúnjẹ ò fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Ohun tó ń yí padà ni pé a ò rìn mọ́, ẹran ara tó lágbára ń dín kù díẹ̀díẹ̀, oorun ń dín, tí nǹkan oṣù bá sì ti ń dáwọ́ dúró, ọ̀rá tó máa ń lọ sí ìdí àti itan á wá máa kóra jọ síkùn. Ìyẹn ló jẹ́ kó dà bíi pé ara ti kọ̀. Ara ò kọ̀.

Ẹ wá tépù aránṣọ, ẹ fi wọn ikùn yín ní ọ̀gangan ìdodo, láì fa ikùn mọ́ra. Obìnrin tí tiẹ̀ bá lé ní ínṣì 35, tàbí ọkùnrin tí tiẹ̀ bá lé ní 40, ewu ń bẹ níbẹ̀. Tèmi jẹ́ 48. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ kọ kílò náà sílẹ̀. Ọjọ́ kan ṣoṣo lọ́sẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa gun síkéèlì, ní òwúrọ̀, lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti tọ̀, kẹ́ ẹ tó jẹun, torí omi inú ara nìkan lè gbé kílò méjì wá lóru kan kó sì gbé e lọ, tẹ́ ẹ bá ń wò ó lójoojúmọ́ ọkàn yín á dàrú.

Ó wá kan oúnjẹ, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Mo ra síkéèlì kékeré ti ilé ìdáná. Lálẹ́ ọjọ́ kan mo fẹ́ tẹ ẹ̀bà bí mo ṣe máa ń tẹ̀ ẹ́, mo gbé abọ́ sórí síkéèlì, mo bu gàárì síbẹ̀ bí ọwọ́ mi ṣe mọ̀ ọ́n bù, mi ò dín, mi ò fi kún un, ó wọn gíráàmù 310. Gàárì gíráàmù 100 ní bíi kálórì 350 (kálórì ni wọ́n fi ń wọn agbára tó wà nínú oúnjẹ), ìyẹn túmọ̀ sí pé ẹ̀bà yẹn nìkan ti lé ní 1,000 kí ọbẹ̀ tó dé ibẹ̀. Mo dúró síwájú abọ́ yẹn fún ìgbà díẹ̀. Ó ti tó ogún ọdún tí mo ti ń jẹ iye yẹn lálẹ́, mi ò sì mọ̀, torí ojú ni mo fi ń wọ̀n ọ́n. Lọ́jọ́ kejì mo fi ṣíbí ìjẹun wọn epo pupa tí mò ń dà sọ́bẹ̀, ṣíbí mẹ́sàn-án. Ṣíbí kan jẹ́ bíi kálórì 120. Ẹ ṣírò ẹ̀.

Torí náà, mi ò ní kẹ́ ẹ fi ẹ̀bà sílẹ̀ o. Ohun tí mò ń bẹ̀ yín kẹ́ ẹ ṣe ni pé kẹ́ ẹ wọ̀n ọ́n. Gàárì gíráàmù 80 ni mò ń jẹ báyìí, ó kéré lójú lákọ̀ọ́kọ́, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún, àmọ́ mo fi ẹ̀fọ́ kún abọ́ tó kù, ẹ̀fọ́ ṣọkọ, tẹ̀tẹ̀, ilá, ewédú, mo sì fi ẹja sí i dáadáa. Ṣíbí epo mẹ́ta ni fún ìkòkò ọbẹ̀ tí gbogbo ilé máa jẹ, ata àti irú ló ń gbé ọbẹ̀ dùn, kì í ṣe epo nìkan. Ẹja àti ẹ̀fọ́ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ jẹ, ẹ jẹ ẹ́ débi pé ikùn á ti gbà díẹ̀, kẹ́ ẹ tó wá fọwọ́ kan òkèlè. Ẹni tó bá ń jẹ ẹja, ẹyin, ẹ̀wà, ẹran tí ò lọ́ràá, kì í tètè pebi, ẹran ara ẹ̀ kì í sì í tètè jò lọ pẹ̀lú ọ̀rá. Àwa tá a wà létí ọ̀sà níbí, ẹja ò jìnnà sí wa, ẹ jẹ ẹ́ ní yíyan tàbí bíbọ̀, kẹ́ ẹ má fi òróró dín in. Ìkọ́kọrẹ́ pàápàá mi ò fi sílẹ̀, ewùrà ni mo dín kù, mo sọ ẹja ẹ̀ di púpọ̀.

Àwọn kan á ní kẹ́ ẹ lọ máa jẹ wíìtì, pé òun ni kì í jẹ́ kéèyàn sanra. Ẹ lọ wọ̀n ọ́n. Ìyẹ̀fun wíìtì, èlùbọ́, sẹ́mó, gàárì, tẹ́ ẹ bá wọ̀n wọ́n ní gbígbẹ wọn ò fi bẹ́ẹ̀ jura wọn lọ nínú kálórì. Òkèlè wíìtì ràgàjì máa mú èèyàn sanra bíi ti ẹ̀bà ràgàjì.

Mínírà (ọtí ẹlẹ́rìndòdò), ẹ dá a dúró pátápátá, mi ò ní pàrọwà lórí ìyẹn. Ìgò 35cl kan lè ní súgà tó tó bíi kíúbù súgà mẹ́sàn-án, ẹ ka ara ìgò. Mọ́ọ̀tì náà bẹ́ẹ̀, zobo tí wọ́n ti da súgà sí náà bẹ́ẹ̀. Omi ni. Gàárì mímu ọ̀sán tá a máa ń mu ní ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú ẹ̀pà àti súgà, oúnjẹ odidi ni, kì í ṣe ìpanu.

Tẹ́ ẹ bá yọ bíi kálórì 500 kúrò nínú oúnjẹ òòjọ́ yín, bíi ìdajì kílò á máa lọ lọ́sẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, torí kílò ọ̀rá kan jẹ́ bíi kálórì 7,700. Lẹ́yìn náà á máa fà. Ẹ má kánjú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá fi ebi pa ara ẹ̀ kó lè yára fọn, irun ẹ̀ lè máa já, òkúta lè hù nínú òróòro ẹ̀, gbogbo kílò yẹn á sì tún padà wá.

Ní ti tíì tí wọ́n ń tà ní ọjà àti nínú mọ́tò, ewé senna ló wà nínú ọ̀pọ̀ wọn, ìgbẹ́ ló ń mú èèyàn yà. Omi àti ìgbẹ́ ló jáde, ọ̀rá wà níbi tó wà. Tí èèyàn bá ń yàgbẹ́ bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, iyọ̀ ara tí ọkàn fi ń lù dáadáa lè lọ pẹ̀lú ẹ̀. Ẹ sá fún un.

Rírìn ni mo fi bẹ̀rẹ̀, torí ní 117 orúnkún mi ò lè gba eré sísá. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré, láti iwájú ilé dé ìkóríta kí n padà. Lẹ́yìn oṣù kan ó di ogún ìṣẹ́jú, lẹ́yìn náà mo wá ń ti ṣọ́ọ̀bù rìn wálé, mo á gba Ìta Ẹlẹ́wà kọjá sọ́nà Ẹ̀búté, níbi tí afẹ́fẹ́ ọ̀sà ti máa ń fẹ́ síni lára lálẹ́, dípò kí n wọ Márúwá. WHO, àjọ ìlera àgbáyé, ní ó kéré tán ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀, ẹ pín in bó bá ṣe rọ̀ yín lọ́rùn. Lọ́jọ́ Orò Mágbó tí àwa obìnrin ò lè jáde, inú kọ́rídọ̀ ni mo ti ń rìn lọ rìn bọ̀, mo fi fóònù dá àkókò sí i. Ẹ tún fi nǹkan wúwo kún un lẹ́ẹ̀méjì lọ́sẹ̀, kó má baà jẹ́ ẹran ara ló ń lọ. Ẹ jókòó lórí àga, kẹ́ ẹ dìde láì fọwọ́ ti nǹkan kan, ìgbà mẹ́wàá, kẹ́ ẹ sinmi, kẹ́ ẹ tún ṣe é. Ẹ fọwọ́ ti ògiri bí ẹni tó fẹ́ tì í ṣubú. Ẹ rọ omi kún kẹ́ẹ̀gì lítà márùn-ún méjì, kẹ́ ẹ máa gbé e sókè sódò. Kẹ́ ẹ sì sùn, torí ẹni tí kò bá sùn tó lóru, ebi á máa pa á ṣáá lọ́jọ́ kejì, ohun dídùn ni ọkàn ẹ̀ á sì máa fà sí.

Ibi tó le jù fún mi ò sí nínú gbogbo èyí tí mo kà sílẹ̀. Ẹnu àwọn èèyàn ni. Nígbà tí mo dé bíi kílò 95, wọ́n bẹ̀rẹ̀. "Ìyá Ìbejì, ẹ ti rù o, ṣé kò sí nǹkan?" "Ṣé ilé rọgbọ?" Obìnrin kan tá a jọ ń ta aṣọ fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó fohùn jẹ́jẹ́ bi mí pé ṣé wọ́n ti yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò. Mo délé, mo sunkún. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó sanra ni wọ́n gbà pé ọkọ ń tọ́jú, ẹni tó fọn, àìsàn ni tàbí ìṣẹ́. Ẹ múra ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ kó tó dé, ẹ sọ fún ọkọ tàbí ìyàwó àtàwọn ọmọ yín látìbẹ̀rẹ̀ pé mo fẹ́ fọn, ìdí ẹ̀ rèé. Ọkọ mi ni mo fi ìwé BP hàn, ó rí 168/104, lẹ́yìn ọdún kan ó rí 126/80, látìgbà yẹn òun fúnra ẹ̀ ló ń dá àwọn ará ilé ẹ̀ lóhùn. Fún àwọn ará ìta, ìdáhùn kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ ní: "Ara mi le dáadáa, ẹ ṣeun, èmi ni mo fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀." Kẹ́ ẹ má ṣàlàyé ju ìyẹn lọ.

Ìyá ọkọ mi ní tiẹ̀, ó ní ṣé ọbẹ̀ òun ò dùn mọ́ mi lẹ́nu mọ́ ni. Èèyàn ò lè kọ oúnjẹ ìyá àgbà bẹ́ẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ó dùn mà, ẹ jẹ́ kí ẹja pọ̀ sí i, kẹ́ ẹ wá fún mi lókèlè kékeré, dókítà ló ní kí n máa ṣe bẹ́ẹ̀." Dókítà náà kúkú sọ ọ́ lóòótọ́. Inú wọn dùn, látìgbà yẹn orí ẹja ni wọ́n máa ń gbé fún mi.

Òde aríyá ọjọ́ Sátidé ńkọ́? Ẹ jẹ ẹyin méjì àti ẹ̀fọ́ nílé kẹ́ ẹ tó so gèlè. Tẹ́ ẹ bá débẹ̀, ẹ mú mọ́ínmọ́ín àti ẹja, ìrẹsì ṣíbí márùn-ún, omi. Ẹ jó dáadáa. Ẹ má gba tékìawéè lọ sílé, torí òru ni wọ́n máa ń jẹ ẹ́.

Kílò yín máa dúró sójú kan nígbà kan o, kò ní máa lọ mọ́. Tèmi dúró sí 92 fún ọ̀sẹ̀ méje gbáko. Nígbà tí mo tún gbé gàárì sórí síkéèlì, mo rí i pé ọwọ́ mi ti tún wúwo, gíráàmù 80 ti di 130 láìmọ̀. Bákan náà, ara tó ti fúyẹ́ kì í jó oúnjẹ tó ti tẹ́lẹ̀, oúnjẹ tó ń jẹ́ kí ẹni 117 máa fọn lè jẹ́ kí ẹni 92 dúró sójú kan. Mo dín in díẹ̀ sí i, mo fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá kún ìrìn mi. Ikùn mi ti ń wọlé ní gbogbo ọ̀sẹ̀ méje yẹn, tépù ló sọ fún mi, ẹ rí ìdí tí mo fi ní kẹ́ ẹ wọ̀n ọ́n.

Awọ apá àti ikùn mi ṣì rọ̀, mi ò ní pa á mọ́ fún yín, ó ṣeé ṣe kó má padà pátápátá. Mo lè gun àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀bù láì dúró báyìí, mo sì lè fi orúnkún méjèèjì kúnlẹ̀ kí àwọn àgbà kí n sì dìde láì di nǹkan mú.

Ní báyìí àárọ̀ Ọjọ́rú ni mo máa ń gun síkéèlì. Tó bá wà láàárín 78 sí 81, mi ò ṣe nǹkan kan. Tó bá di 82, mo á gbé síkéèlì kékeré yẹn jáde láti inú kọ́bọ́ọ̀dù, mo á tún máa wọn gàárì àti epo fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ó ti ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́yìn Kérésìmesì àti lẹ́yìn ìgbéyàwó ọmọ ẹ̀gbọ́n mi.