Wọ́n ti gé kókó náà, ẹ má sọ ọ́ nù

"Kò kúkú dùn mí." Gbólóhùn yìí ti pa èèyàn láàárín àwa Yorùbá Òkun ní Kogí ju bí a ṣe rò lọ. Obìnrin á ba kókó líle lára ọyàn níbi tó ti ń wẹ̀, á ní ìgbà tó bá ń ro òun lòun yóò wá nǹkan ṣe sí i. Jẹjẹrẹ ọyàn kì í sábà dunni níbẹ̀rẹ̀. Kókó tó bá ṣì wà níbẹ̀ lẹ́yìn tí nǹkan oṣù ti wá tó sì ti lọ, orí ọmú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọnú, awọ ọyàn tó rí bí èèpo ọsàn, ẹ̀jẹ̀ lórí ọmú: ọ̀dọ̀ dókítà ni kí ẹ gbé e lọ. Ẹ má dúró di Kérésì kí àwọn ọmọ tó ti Àbújá dé. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sín gbẹ́rẹ́ sí i tàbí kó lẹ ohun tó ń jó awọ mọ́ ọn.

Àṣìṣe tó ká mi lára jù wà lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Ní ọsibítù ìlú kékeré, wọ́n lè gbé ẹran tí wọ́n gé náà fún ará ilé nínú ìgò pé kó mú un lọ sí lábù. Ará ilé á wo owó ọkọ̀ láti Ìsánlú tàbí Mọ̀pà lọ sí Lọ́kọ́ja tàbí Ìlọrin, á wo owó àyẹ̀wò, á ní: "Kókó ṣáà ti kúrò, kí ló tún kù?" Ìgò á wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn títí wọn yóò fi dà á nù.

Ohun tó kù pọ̀. Ojú lásán kò lè mọ̀ bóyá jẹjẹrẹ ni. Bó bá tiẹ̀ jẹ́ bẹ́ẹ̀, jẹjẹrẹ ọyàn kì í ṣe oríṣi kan. Òmíràn ń dàgbà nípa họ́mónù obìnrin. Tamoxifen, oògùn oníhóró tí wọ́n ń lò lójoojúmọ́ fún ọdún 5 ó kéré tán, wúlò fún irú ìyẹn. Òmíràn ní HER2, èròjà purotéènì tó ń mú kí jẹjẹrẹ yára dàgbà, lọ́pọ̀; oògùn trastuzumab tó jáde lọ́dún 1998 la ṣe fún un. Òmíràn kò gbọ́ ti méjèèjì. Inú ẹran yẹn nìkan ni dókítà ti lè mọ èyí tó jẹ́.

Fọ́málìn, omi oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹran jẹrà, ni kí wọ́n fi ẹran náà sí lójú ẹsẹ̀, kó tó ìlọ́po 10 ẹran náà. Kì í ṣe omi, kì í ṣe sípírítì, ẹ má sì gbé e sínú fíríìsà. Ẹ rí i pé orúkọ, ọjọ́ àti apá ibi tí wọ́n ti gé e wà lára ìgò. Bí èsì bá dé, ẹ gba ẹ̀dà rẹ̀, kí ẹ sì ya fọ́tò rẹ̀ sórí fóònù.

Àwọn kan ń sọ pé abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń mú díẹ̀ lára kókó ló ń tú àrùn ká. Ẹ má gbọ́ tiwọn, ìdádúró ló léwu. Ẹ má sì dá kẹ́mò, ìyẹn oògùn tó ń pa jẹjẹrẹ, dúró nítorí pé kókó ti rọ̀.

Ti ọrùn ilé-ọmọ ńkọ́? Kòkòrò HPV ló fa èyí tó pọ̀ jù nínú jẹjẹrẹ ibẹ̀. Láti oṣù kẹwàá ọdún 2023 ni Nàìjíríà ti ń gún abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, lọ́fẹ̀ẹ́, fún ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14. Kì í sọni di àgàn. Ẹ má fi ọmọ pamọ́ lọ́jọ́ tí nọ́ọ̀sì bá dé ilé-ìwé. Ìyá ọmọ náà kò gbọ́dọ̀ torí ìyẹn yẹra fún àyẹ̀wò ọrùn ilé-ọmọ tirẹ̀. Màmá tó sì ti dáwọ́ nǹkan oṣù dúró, tó tún rí ẹ̀jẹ̀, kó má pè é ní ìgbà èwe tó padà.

Jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ náà ní ohun tó ń fà á: ẹ má fojú di àjẹsára hẹpatáítísì B ọmọ tuntun. Ẹ̀pà tàbí àgbàdo tó bá ti bu, ẹ má lọ̀ ọ́ mọ́ èyí tó dára. Síse àti dídín kì í pa májèlé inú rẹ̀ tán.