Bí a ṣe ń kó lẹ́tà àti ohun ìrántí àwọn olórin ńlá jọ láì ra ayédèrú

Kí ẹ tó náwó rárá, ẹ mú olórin kan ṣoṣo tí iṣẹ́ rẹ̀ wọ̀ yín lákínyẹmí ara, kí ẹ sì kọ́ bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe ń kọ̀wé. Ọ̀pọ̀ ilé ìkówèésí àti ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ti gbé àwòrán lẹ́tà tó wà lọ́wọ́ wọn sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ máa wò wọ́n léraléra, nítorí ọwọ́ ẹni ogún ọdún kì í ṣe ọwọ́ ẹni ọgọ́ta ọdún.

Lójú tèmi, lẹ́tà olójú ewé kan sàn ju àwòrán mẹ́wàá tí a kàn buwọ́ lù. Orúkọ nìkan rọrùn láti sín jẹ, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ ṣe ayédèrú lẹ́tà gbọ́dọ̀ mọ bí olórin náà ṣe ń sọ̀rọ̀ àti ibi tó wà lọ́jọ́ tí a kọ sórí ìwé náà, kí ó sì fara wé ìkọ̀wé ẹlòmíràn láti ìlà àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn láì ṣiyèméjì.

Kì í ṣe gbogbo orúkọ olórin ni olórin fọwọ́ ara rẹ̀ kọ. Neil Aspinall àti Mal Evans, tí wọ́n bá ẹgbẹ́ olórin The Beatles ṣiṣẹ́ nígbà náà, máa ń kọ orúkọ àwọn olórin náà dípò wọn fún àwọn olólùfẹ́ wọn. Ní 2022, wọ́n ta 900 ẹ̀dà ìwé tí Bob Dylan, olórin Amẹ́ríkà, kọ ní dọ́là 599 ọ̀kọ̀ọ̀kan gẹ́gẹ́ bí èyí tó fọwọ́ ara rẹ̀ buwọ́ lù. Nígbà tí àwọn òǹrà fi èyí tó wà lọ́wọ́ wọn wé ti ara wọn, ó hàn pé ẹ̀rọ ló buwọ́ lù wọ́n, olórin náà sì tọrọ àforíjì. Kò sí ènìyàn tó ń buwọ́ lùwé lẹ́ẹ̀mejì kí méjèèjì má yàtọ̀ níbi kankan. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá yàtọ̀, ìyẹn nìkan kò tó ẹ̀rí, nítorí a lè fi oríṣiríṣi àwòṣe sínú ẹ̀rọ náà.

Ẹ yẹ ohun èlò ìkọ̀wé wò pẹ̀lú. George Gershwin, tó ń ṣẹ̀dá orin ní Amẹ́ríkà, kú ní 1937, ọdún 1945 ni wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ta báírò ní Amẹ́ríkà, nítorí náà, orúkọ rẹ̀ tí a fi báírò kọ kò lè jẹ́ tirẹ̀.

Ẹ bèèrè bí ohun náà ṣe dé ọwọ́ ẹni tó ń tà á: ta ni wọ́n kọ ọ́ sí, gbàǹjo wo ni ó ti kọjá, ṣé àpò ìwé àti rìsíìtì wà níbẹ̀? Ìwé ẹ̀rí tí òǹtajà tẹ̀ fúnra rẹ̀ kò tó fún èmi.

Tí ó bá ti dé ọwọ́ yín, ẹ fi sínú ìwé tí kò ní ásíìdì, níbi tí oòrùn àti ọ̀rinrin kò dé. Ẹ má ṣe láminéètì rẹ̀, ẹ má sì lẹ tépù mọ́ ọn láéláé. Ìwé náà ti di tiyín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ lè ṣì jẹ́ ti olórin náà tàbí àwọn àrólé rẹ̀, nítorí náà ẹ gba àṣẹ kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́ jáde.