Bí Ọmọ Òkun Ṣe Lè Di Ọ̀jọ̀gbọ́n Nínú Físíìsì Núkílíà

Bí o bá fẹ́ di ọ̀jọ̀gbọ́n nínú físíìsì núkílíà, ìyẹn ìmọ̀ nípa kókó inú átọ́ọ̀mù, ìṣirò ni kí o kọ́kọ́ gbá mú láti ilé-ẹ̀kọ́ girama, yálà Kàbbà lo wà tàbí Ìsánlú, ní ilẹ̀ àwa Yorùbá Òkun ní Ìpínlẹ̀ Kogí. Nínú ìdánwò JAMB, Gẹ̀ẹ́sì, ìṣirò, físíìsì àti kẹ́mísìrì ni kí o mú.

Ronú dáadáa kí o tó yan yunifásítì. Yunifásítì Ahmadu Bello ní Zaria ni NIRR-1 wà, rìákítọ̀ ìwádìí (ẹ̀rọ tí ń pín kókó átọ́ọ̀mù sí wẹ́wẹ́) tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2004, nígbà tí Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní ẹ̀rọ tí ń mú èérún átọ́ọ̀mù sáré.

Ìwádìí àkọ́kọ́ tí ìwọ fúnra rẹ yóò ṣe ni ó ká mi lára jù, nítorí ọ̀pọ̀ ọmọ wa gbà pé àìsí ẹ̀rọ ńlá nítòsí ti dínà mọ́ wọn. Àpáta gíráníìtì tí ó yí wa ká ní Yàgbà àti Ìjùmú ní yuréníọ̀mù àti tóríọ̀mù díẹ̀ nínú, àwọn èròjà tí ìtànṣán ń jáde lára wọn, nítorí náà iṣẹ́ wà lẹ́yìnkùlé rẹ. Láti wọn ìtànṣán yìí, bu erùpẹ̀ níbi mélòó kan, kọ orúkọ ibẹ̀ sára ọ̀rá kọ̀ọ̀kan, sá a, gún un, kí o sì kù ú bí ẹní ń ku èlùbọ́. Lẹ́yìn èyí, dé e pa sínú ike tí afẹ́fẹ́ kò lè gbà jáde fún bí ọjọ́ 28, kí gáàsì rádọ́ọ̀nù tí yuréníọ̀mù ń bí, tí ìdajì rẹ̀ ń pòórá láàárín ọjọ́ 3.8, lè kó jọ títí èyí tí ń wọlé yóò fi bá èyí tí ń lọ dọ́gba. Ẹni tí ó bá kánjú gbé e lọ sídìí ẹ̀rọ ìwọ̀n ìtànṣán ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ yóò rí òǹkà tí ó kéré ju bí ó ti yẹ lọ. Má sì gbàgbé láti wọn ike òfìfo, kí o lè yọ ìtànṣán tí kì í ṣe ti erùpẹ̀ rẹ kúrò.

Ní yunifásítì wa, àkàsọ̀ méje ni a ń gùn láti graduate assistant, ipò olùkọ́ tí ó kéré jù, dé ọ̀jọ̀gbọ́n. Oyè dókítà àti àwọn àpilẹ̀kọ ìwádìí tí o bá tẹ̀ jáde ni yóò máa gbé ọ gòkè. Wá àyè lọ sí ICTP, ibùdó àgbáyé fún ìmọ̀ físíìsì, ní Trieste, nílẹ̀ Ítálì, èyí tí Abdus Salam ará Pakistan dá sílẹ̀ ní 1964 nítorí àwọn onímọ̀ láti ilẹ̀ bí tiwa. Bí o bá jẹ́ obìnrin, tí yunifásítì sì ti gbà ọ́ fún oyè másítà, máa ṣọ́ ìgbà tí IAEA, àjọ àgbáyé tí ń rí sí agbára átọ́ọ̀mù, bá ṣí ètò ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ Marie Skłodowska-Curie.