Rọ́bà pẹ́ǹtì nínú ọkọ̀ yanrìn: bí a ṣe jáwọ́ nínú yíyàgbẹ́ sí Odò Ògùn

Ọkọ̀ yanrìn méjì ni mo ní lórí Odò Ògùn, ní ìsàlẹ̀ afárá Láfẹ́nwá níbí ní Abẹ́òkúta. Ọdún 16 ni mo ti lò lẹ́nu iṣẹ́ náà. 13 nínú rẹ̀, ìdí ọkọ̀ ni mo máa ń lóṣòó sí, tí màá ṣe gáà sómi bí gbogbo ẹgbẹ́ mi.

Ohun tó mú mi jáwọ́ ni ọmọkùnrin kan tó ń mòòkùn fún mi. Oṣù kẹta ọdún ni, ọ̀gbẹlẹ̀ ti fa omi lọ, odò ò fi bẹ́ẹ̀ ṣàn mọ́. Àwa mẹ́rin la ti wà nínú ọkọ̀ láti aago mẹ́fà àárọ̀, ibi tí a sì ń yàgbẹ́ sí kò jìnnà rárá sí ibi tó ti ń fi garawa bu yanrìn nísàlẹ̀. Ó gbé omi mì, ó wúkọ́, ó rẹ́rìn-ín, ó tún wọlẹ̀ lọ. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹta, ìgbẹ́ gbuuru àti èébì ti sọ ọ́ di ẹni tí à ń gbé. Ó yè é, mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ibi tí mo jókòó tì í sí nílé ìwòsàn ni mo ti rí i pé ọwọ́ ara wa la fi bu omi yẹn fún un mu.

Ẹ̀yin ará mi tẹ́ ẹ máa ń sọ pé odò á gbé e lọ, ibo ló ń gbé e lọ? Láti apá Ṣakí ni Odò Ògùn ti ń bọ̀, ó gba ọ̀dọ̀ wa kọjá, ó já sí ọ̀sà Èkó, ọ̀sà sì já sí òkun. Ẹni tó ń wẹ̀ nísàlẹ̀ odò, ẹni tó ń dẹ àwọ̀n lọ́sà, àwọn la fi ń ránṣẹ́ sí. Inú ìgbẹ́ ni kòkòrò onígbáméjì àti ti ibà jẹ̀funjẹ̀fun ti ń wọ omi. Ẹja náà ń jẹ nínú ìyà yìí: àwọn kòkòrò tíntìntín tó ń jẹ ìgbẹ́ máa ń mí, bí ìgbẹ́ bá sì pọ̀, wọ́n á lo afẹ́fẹ́ inú omi tán, ẹja á wá máa la ẹnu lójú omi. Èbúté àti etí ọ̀sà tí omi kì í ti í ṣàn dáadáa ló ti máa ń le jù.

Òfin àgbáyé kan ti wà lórí èyí láti ọdún 2003. Ọkọ̀ òkun ńlá tó ń ti orílẹ̀-èdè kan lọ sí òmíràn kò gbọdọ̀ da ìgbẹ́ tútù sómi àyàfi tó bá jìnnà sílẹ̀ ju máìlì òkun 12 lọ, ìyẹn bíi kìlómítà 22, ó sì gbọ́dọ̀ máa rìn bó ṣe ń dà á díẹ̀díẹ̀. Òkun alagbalúgbú nìyẹn o! Odò tiwa, ọmọdé lè ju òkúta dé àárín rẹ̀.

Ohun tí mò ń ṣe báyìí rèé. Ẹ wá rọ́bà pẹ́ǹtì lítà 20 méjì tí ìdérí wọn ń dé pinpin. Èyí tí ìdérí rẹ̀ bá ti sán, ẹ má rà á. Ẹ wá kẹ́ẹ̀gì lítà 10 kan fún ìtọ̀, òmíràn fún omi àti ọṣẹ ìfọwọ́, àti àpò ìyẹ̀fun pákó kan láti ilé ìlagi. Kó gbẹ o, nítorí èyí tí òjò ti pa kì í fa omi mọ́. Tí ẹ kò bá rí i, eérú lọ́dọ̀ àwọn tó ń yan gàrí dára. Káfíńtà á bá yín gé pákó ìjókòó tó ní ihò.

Àárín ọkọ̀ ni kí ẹ gbé rọ́bà sí, kí ẹ fi okùn dè é mọ́ igi ìdábùú, torí ìdí ọkọ̀ máa ń tẹ̀ jù. Ẹ fi tàpólì yí i ká. Ọkọ̀ àkọ́kọ́ tí mo ṣe kò ní ìbòjú, kò sì sẹ́ni tó lò ó.

Ẹ kọ́kọ́ da ìyẹ̀fun pákó sí ìsàlẹ̀ rọ́bà, kó nípọn tó ìka mẹ́ta. Ẹni tó bá ti ṣe tán, kó bu agolo mílíìkì kan lé e títí ojú ò fi ní rí nǹkan kan mọ́. Ìtọ̀, inú kẹ́ẹ̀gì ni, torí ìgbà tí òun àti ìgbẹ́ bá pàdé ni òórùn ń gba ọkọ̀. Ẹ má da Izal tàbí Hypo sí i: ó máa ń pa àwọn kòkòrò tó ń sọ ìgbẹ́ di ilẹ̀, èéfín tí Hypo àti ìtọ̀ jọ ń yọ sì ń ta ni lójú àti lọ́fun. Tí rọ́bà bá ti kù díẹ̀ kó kún, ẹ dé e, kí ẹ gbé ìkejì sí i. Àwa mẹ́rin, bí ọjọ́ márùn-ún la fi ń lò ó.

Níbòmíràn, ẹ lè gbẹ́ ihò kí ẹ bò ó mọ́lẹ̀. Lọ́dọ̀ wa ní Abẹ́òkúta, ọkọ́ á kan òkúta kí ihò tó dé ìbàdí. Dúrọ́ọ̀mù lítà 200 ni mò ń lò, lórí ilẹ̀ gíga, ó jìnnà sí odò àti kànga ju mítà 30 lọ. Ẹ ro ti oṣù kẹsàn-án àti ìkẹwàá o, nígbà tí òjò pọ̀ tí ìdídò Ọ̀yán náà ń tú omi sílẹ̀. Ibi tí omi náà bá ń dé, kì í ṣe ibi dúrọ́ọ̀mù. Bí ẹ bá ti da rọ́bà kan sí i, ẹ fi ilẹ̀ àti ewé gbígbẹ bò ó. Omi tí ẹ fi ṣan rọ́bà, inú dúrọ́ọ̀mù náà ni o, kì í ṣe odò. Tó bá kún, ẹ dé e, ẹ gbé òkúta lé e, kí ẹ kọ ọjọ́ sí i lára. Ẹ má ṣí i kó tó pé oṣù 18. Ìtọ̀ ní tirẹ̀, ẹ fi omi ìlọ́po márùn-ún là á, kí ẹ dà á sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀.

Ẹ má sọ gbígbé rọ́bà di iṣẹ́ ọmọ tó kéré jù nínú ọkọ̀. Wọ́n pè mí ní agbépòó lébùúté, mo sì gbé e fúnra mi fún oṣù kan gbáko kí n tó ní kí ẹnikẹ́ni gbé e. Ní báyìí, a ń gbé e ní ìtò, Sátidé ni tèmi.

Ọdún tó kọjá la ṣí dúrọ́ọ̀mù àkọ́kọ́. Ó ti di ilẹ̀ dúdú, kò rùn. A kò fi sí ìdí ẹ̀fọ́, ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni. Ọmọkùnrin tó ń mòòkùn yẹn ló fi ṣọ́bìrì kó o.