Bí mo ṣe ń ṣe Ádífẹ́ńtì nígbà tí aṣọ Kérésì bá bò mí mọ́lẹ̀

Aránṣọ ni mí, n'Íbàdàn. Ẹni tó bá ti fẹsẹ̀ kan ṣọ́ọ̀bù aránṣọ rí nínú oṣù Kejìlá yóò mọ̀ pé ariwo oníbàárà kì í jẹ́ kéèyàn gbọ́ ohùn ara rẹ̀. Àsìkò yìí gan-an ni Ádífẹ́ńtì, Ọjọ́ Àìkú mẹ́rin tó ṣáájú Kérésì, tí ìjọ wa ní kí á fi rọra máa retí Olúwa! Mo wá àyè ọ̀tọ̀ fún un títí, n kò rí. Mo wá so ó mọ́ iṣẹ́ tí mò ń ṣe tẹ́lẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ wo kàlẹ́ńdà. Ọjọ́ Àìkú tó bá sún mọ́ 30 Oṣù Kọkànlá jù lọ ni Ádífẹ́ńtì máa ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ má ṣe kà á sí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin gbáko o. Ní 2023, 24 Oṣù Kejìlá gan-an ni Ọjọ́ Àìkú kẹrin bọ́ sí. Ohun tí ojú mi rí lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mò ń bọ̀ wá sọ ọ́.

Ẹ wá àbẹ́là mẹ́rin (ọ̀kan fún Ọjọ́ Àìkú kọ̀ọ̀kan), agolo mílíìkì mẹ́rin, àti iyanrìn tí ẹ ó fi gbé wọn ró. Àbẹ́là elése àlùkò, tí í ṣe àwọ̀ Ádífẹ́ńtì, ṣọ̀wọ́n lọ́jà wa, funfun ni mò ń rà. Àjákù aṣọ elése àlùkò ni mo fi ń wé agolo (agolo o, kì í ṣe àbẹ́là, nítorí iná), píǹkì sì ni ti ẹlẹ́ẹ̀kẹta. Mo fi màrìwò yí wọn ká lọ́dún àkọ́kọ́, ni ìyá ọkọ mi bá bi mí bóyá Ògún ni a fẹ́ bọ. Ewé máńgòrò ni mò ń lò báyìí. Johann Hinrich Wichern ló bẹ̀rẹ̀ irú àbẹ́là bẹ́ẹ̀ ní Hamburg, ní Jámánì, lọ́dún 1839, fún àwọn ọmọ tó ń tọ́jú, kí wọ́n lè máa fojú ka ọjọ́ tó kù. Àbíkẹ́yìn mi náà kò yé béèrè, "Mọ́mì, ó ku mélòó?"

A kọ́kọ́ ní ìgbà tí iná bá lọ la ó máa tàn án. Kò pẹ́ rárá. Bí mo ṣe ń kàwé lọ́wọ́ ni iná dé, àwọn ọmọ pariwo "Up NEPA!", wọ́n sá lọ sídìí tẹlifísàn. Láti ìgbà náà, ẹ̀yìn oúnjẹ alẹ́ ni, kí ẹnikẹ́ni tó fọ abọ́.

Lúùkù orí kìíní nìkan la ń kà. Ẹsẹ 80 ló ní, ó sì pín sí mẹ́rin: Sakaráyà dé ẹsẹ 25, Gébúrẹ́lì àti Màríà dé 38, ìbẹ̀wò sọ́dọ̀ Èlísábẹ́tì dé 56, ìbí Jòhánù dé òpin. Ìpín kan fún ọ̀sẹ̀ kan, díẹ̀díẹ̀ lálaalẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ Sakaráyà, gbogbo wa a máa yadi bíi tirẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ta lẹ́yìn tí a bá tan àbẹ́là. Ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀, kó kọ ọ́ sílẹ̀. Ọmọ mi ọkùnrin kọ ọ́ lálẹ́ ọjọ́ kan pé, "Mọ́mì, ó ti rẹ̀ yín jù." N kò mọ̀ pé ó ń wò mí.

Lórí aṣọ ọdún àwọn ọmọ mi, n kì í rán an tán lẹ́ẹ̀kan. Sátidé kan, mo gé e, ìkejì, mo so ó pọ̀, ìkẹta, mo fi ọwọ́ àti ọrùn sí i, ìkẹrin, bọ́tìnnì. Ara ìṣó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àbẹ́là ló máa ń wà, wọ́n á máa wò ó.

Ní 2023 yẹn, mo gbàgbé pé ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn kò lọ́jọ́ nínú. Àbẹ́là mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń jó, àwọn ọmọ ti sùn, èmi ṣì ń gán bọ́tìnnì mọ́ aṣọ. Aṣọ méjì ni mo parí. Ẹ̀kẹta lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú pínnì.