Bí fọ́tò bá ń jáde ní bàìbàì lábẹ́ ẹ̀ńlájà àtijọ́

Ẹ má tíì fọwọ́ kan síkúrù kankan lára ẹ̀ńlájà, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fi iná gbé àwòrán inú fíìmù sórí bébà fọ́tò ní títóbi. Hóró fíìmù ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, ìyẹn àwọn hóró wínníwínní tí àwòrán fi di àwòrán. Ẹ ṣí ojú lẹ́ńsì sílẹ̀ gbayawu, ẹ gbé awò tí a fi ń wo hóró lé orí bébà fọ́tò kan tó ti bà jẹ́, tó nípọn bí èyí tí ẹ fẹ́ lò, kí ẹ wá máa yí fókọ́ọ̀sì díẹ̀díẹ̀. Bí hóró bá mọ́ kedere, tí ojú ẹni inú fọ́tò ṣì ń ṣe bàìbàì, ìgbà tí wọ́n ń ya fọ́tò náà ni àléébù ti wọlé, kò kan ẹ̀ńlájà.

Èyí tó ń tan èèyàn jẹ jù ni kí hóró mọ́ lójú awò, kí fọ́tò sì jáde ní bàìbàì. Ó ṣe mí rí. Mo pààrọ̀ lẹ́ńsì, mo fi bébà ṣòfò, kò yí padà. Ìgbà tí mo tan iná sílẹ̀ tí mi ò gbójú kúrò lójú awò ni mo rí i: hóró tó mọ́ ń yọ́ lọ díẹ̀díẹ̀ bí iyọ̀ nínú omi. Ooru gílóòbù ló mú kí fíìmù yọ ikùn, tó sì fi ibi tí mo fi fókọ́ọ̀sì sí sílẹ̀. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí iná yá fíìmù lára dáadáa kí ẹ tó ṣe fókọ́ọ̀sì ìkẹyìn. Tó bá jẹ́ bébà dúdú-àti-funfun, ẹ fi dígí pupa bo abẹ́ lẹ́ńsì, kí iná lè máa tàn bí ẹ ṣe ń tẹ́ bébà. Ní tèmi, mo fẹ́ràn kí a há fíìmù sáàárín dígí méjì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú mẹ́rin ni ẹ ó máa nu eruku kúrò lára rẹ̀.

Bó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ kan ló mọ́ tí èkejì ò mọ́, ẹ̀rọ ti wọ́. Ibi tí fíìmù jókòó, ibi tí lẹ́ńsì wà àti pátákó ìsàlẹ̀ gbọ́dọ̀ dọ́gba. Ẹ gbé lẹ́fẹ́ẹ̀lì bíríkìlà lé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, síwá-sẹ́yìn àti sọ́tùn-ún sósì. Kò pọn dandan kí wọ́n tẹ́ pẹrẹsẹ, kí wọ́n ṣáà bára wọn mu. Ẹ wá fi abẹ́rẹ́ ha ìlà sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fíìmù kan tó dúdú pátápátá, kí ẹ fi wò ó bóyá gbogbo igun mọ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

Bí àárín bá mọ́ tí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ò mọ́, ẹ dín ojú lẹ́ńsì kù ní ìpele méjì tàbí mẹ́ta, bíi láti f/2.8 sí f/5.6 tàbí f/8 (bí nọ́ńbà tó tẹ̀lé f bá ṣe ń tóbi ni ojú lẹ́ńsì ń kéré). Lẹ́ńsì àtijọ́ mìíràn máa ń yẹ̀ ní fókọ́ọ̀sì bí ojú rẹ̀ bá ti kéré, nítorí náà ẹ tún hóró wò lẹ́yìn rẹ̀. Bí fókọ́ọ̀sì ò bá tilẹ̀ dé rárá, ẹ wò ó bóyá lẹ́ńsì bá fíìmù mu: lẹ́ńsì 50mm ni ti fíìmù 35mm, lẹ́ńsì 75mm tàbí 80mm ni ti fíìmù 6x6, tí àwòrán rẹ̀ tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́fà ní ìbú àti ní gíga.

Bí lẹ́ńsì bá sì ń rọra sọ̀kalẹ̀ fúnra rẹ̀, ẹ fún síkúrù ibi ìyífókọ́ọ̀sì le díẹ̀. Ẹ má ta epo sí i, yíyọ̀ ni yóò túbọ̀ máa yọ̀.